Wákàtí Àwọn Ìyá Nínú Ọgbà Irin

Ní yunifásítì tí mo lọ, ilé eré ìdárayá kan wà níbẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ ń dán bí àwo tanganran. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ pé obìnrin lè ní kí ọkùnrin jáde nínú ilé fún wákàtí méjì kí òun lè rí àyè fò sókè fò sílẹ̀. Àwọn kan nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ló lọ bá àwọn aláṣẹ pé kí wọ́n ya ìrọ̀lẹ́ méjì sọ́tọ̀ fún àwọn láàárín ọ̀sẹ̀. Ni ìjà bá dé. Àwọn ọmọkùnrin ní ṣebí ẹ̀tọ́ ọgbọọgba lẹ ní ẹ ń wá, kí lẹ tún fẹ́ fi aṣọ ìkélé ṣe? Àwọn ọmọbìnrin ní ẹni tí wọn ò súfèé sí rí ni kì í mọ ìwúlò aṣọ ìkélé. Wọ́n pe ìpàdé lé e lórí, àga ò tó, àwọn kan gun ojú fèrèsé.

Èmi náà dìde sọ̀rọ̀, àwọn ọkùnrin ni mo sì gbè lẹ́yìn. Ẹ má tíì bínú sí mi. Ilé tí wọ́n ti ń gbé irin ni wọ́n ti tọ́ mi, mo lè gbé ohun tí ìdajì àwọn ọmọkùnrin wọ̀nyẹn ò lè gbé, mo sì fẹ́ràn kí wọ́n máa wò mí bí mo bá ń gbé e. Mo ní ẹni tójú bá ń tì kó jókòó sílé. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi títí orí mi fi wú. Wọ́n wá yan ìgbìmọ̀ tí yóò gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, ìgbìmọ̀ náà sì ń gbé e yẹ̀ wò títí mo fi gboyè jáde.

Kò pẹ́ sí ìpàdé yẹn, mo ṣì wà ní yunifásítì, ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Màámi, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ̀rọ̀ mi bí ẹni ń jẹ iyán àná.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ọgbà irin ná. Olórí gáàngì kan ni Bàámi ní wọ́ọ́fù Àpápá, àwọn tó ń já ẹrù nínú ọkọ̀ ojú omi. Ìhà Olódì là ń gbé, níbi tí Ajégúnlẹ̀ àti Àpápá ti fẹnu konu, ilẹ̀ òfìfo kan sì wà lẹ́yìnkùlé wa. Bàámi àti àwọn ọmọ gáàngì rẹ̀ fi páànù ògbólógbòó yí ilẹ̀ náà ká, páànù tí ìṣó ti lu kiri nígbà tó wà lórí ilé onílé. Wọ́n ra irin ìdí ọkọ̀ akẹ́rù lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì ní Coconut. Ìgbà náà ni ọkọ̀ ojú omi tó kó sìmẹ́ǹtì wá kún etí omi bí ẹni pé gbogbo ayé ló fẹ́ wá kọ́lé sí Èkó, àpò tó bá sì bẹ́, wọn a gbá ohun tó dà sílẹ̀ jọ, wọn a pò ó sínú agolo mílíìkì àti garawa ọ̀dà, wọn a gún irin bọ̀ ọ́ láàárín. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ìwọ̀n tí wọ́n ń gbé nìyẹn. Mùsùlùmí wà níbẹ̀, onígbàgbọ́ wà níbẹ̀, Yorùbá, Ìjọ̀, Ìgbò, Úròbò, gbogbo wọn ń làágùn pa pọ̀.

Òfin kan ṣoṣo ni gbogbo wọ́n fẹnu kò sí láìjiyàn: obìnrin ò gbọdọ̀ gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí irin. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, agbára irin náà pa, agbára ẹni tó ń gbé e náà á sì bá a lọ. Nítorí náà, ẹnu ọ̀nà ni àwọn obìnrin ń gbé omi mímu dé. Èmi nìkan ló ń wọlé, nítorí pé Bàámi ni alága ẹgbẹ́ wọn, èmi sì ni ọmọ alága. Nígbà tí mo sì wọ yunifásítì, wọ́n ní ìwé ti sọ mí di ọkùnrin, ìyẹn ni pé mo lè gbé irin, ṣùgbọ́n kí n ṣáà máa ṣọ́ ẹsẹ̀ mi.

Òkìrìkà ni Màámi ń tà. Ní ìgbà ọmọge rẹ̀, bélì aṣọ kan, odidi ìdì òkìrìkà, já bọ́ lórí ọmọlanke lójú Wharf Road, àwọn ọkùnrin dúró, wọ́n ń pe ara wọn pé kí wọ́n wá gbé e. Màámi bẹ̀rẹ̀, ó gbé bélì náà lé orí ara rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Bàámi wà níbẹ̀, ó sì tẹ̀ lé e délé. Kò sí ìkómọ tàbí ọdún tí kì í sọ ìtàn yìí, bélì náà sì ń wúwo sí i lọ́dọọdún.

Àárọ̀ ọjọ́ tí àìsàn náà dé, igbá ẹ̀kọ ló kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ ọ̀tún kọ̀ kò gbé e mọ́. Nígbà tí wọ́n fi máa dá a sílẹ̀ ní ọsibítù, ó ti ń fi igi rìn, ẹnu rẹ̀ sì ti padà sípò, ẹnu yẹn kò tilẹ̀ kọ́kọ́ lọ jìnnà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ṣì rọ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ sọ fún wa pé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ náà kò kú, wọ́n sùn ni, kó máa fi wọ́n gbé nǹkan, kó máa fi wọ́n fa okùn, kó máa gun àtẹ̀gùn, kí wọ́n lè jí. Ó wá wo ojú mi, ó ní bí wọn ò bá jí láàárín ọdún yẹn, ká má retí wọn mọ́.

Níbo ni Màámi ti fẹ́ ṣe gbogbo ìyẹn? Ilé wa, yàrá kọjú sí yàrá ni. Bí ènìyàn bá sín, àwọn ará ilé a kí i. Màámi ní òun ò ní máa ju ẹsẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí àwọn tó jẹ òun ní gbèsè aṣọ máa ṣàánú òun. Ìyẹn tilẹ̀ rọrùn. Èyí tó le ni pé ó kó kúrò ní yàrá Bàámi wá sí tèmi, bí Bàámi bá sì yọjú, á fa ọwọ́ ọ̀tún náà bọ abẹ́ ìró. Mo bi í pé kí ló dé.

"Obìnrin tó gbé bélì ni bàbá rẹ fẹ́," ni Màámi wí. "Ìyẹn ni kó máa rántí. Kò gbọdọ̀ rí èyí."

Ó kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ ròyìn fún un. Bí mo bá ti yunifásítì délé lópin ọ̀sẹ̀, Bàámi á pàdé mi nídìí ẹ̀rọ omi, á bi mí pé ìyá mi ńkọ́, mà á ní wọ́n wà. Á ní ọwọ́ ńkọ́, mà á ní wọ́n ní kí n má sọ. Á mi orí, á bá tirẹ̀ lọ. Ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ ń bo ariwo kéréènì mọ́lẹ̀ ní wọ́ọ́fù.

Èmi ni mo kọ́kọ́ dárúkọ ọgbà irin. Páànù yí i ká, okùn wà níbẹ̀, ohun kékeré wà tí ènìyàn lè gbé. Màámi ronú sí i. Ó ní bí mo bá lè lé gbogbo ọkùnrin ibẹ̀ jáde, òun á lọ, kò gbọdọ̀ ku ọ̀kan. Báyìí ni èmi tí mo ní kí ẹni tójú ń tì jókòó sílé ṣe dìde láti lọ wá wákàtí fún ẹni tójú ń tì.

Mo lọ bá obìnrin Úròbò tó ń dirun ní ojúlé iwájú. Ọkọ rẹ̀ ń wa tírélà, kì í gbélé, ikùn rẹ̀ sì ti kọ̀ láti padà sí àyè rẹ̀ láti ìgbà tó ti bí ọmọ rẹ̀ kẹrin. Ẹnu rẹ̀ tó láti fi kó ìlú jọ lóòjọ́. Kí ó tó dirun orí méjì tán, ó ti kó obìnrin jọ: aránṣọ, ìyàwó lèmọ́mù kan tó jẹ́ pé ojú rẹ̀ nìkan la mọ̀, àti àwọn mìíràn tó jẹ́ pé wọ́n ṣáà fẹ́ mọ ohun tó wà lẹ́yìn páànù.

A lọ bá àwọn ọkùnrin lẹ́nu ọ̀nà ọgbà. Bàámi ló kọ́kọ́ ta kò wá, ohùn rẹ̀ ló sì ròkè jù. Ó ní irin á kú. Ó ní àwọn ọmọ òun ti ń já ẹrù láti àárọ̀, ìrọ̀lẹ́ nìkan ni wọ́n ní, ta ló fẹ́ gbà á lọ́wọ́ wọn? Ó tún ní òun kò mọ ohun tí wọ́n á máa ṣe nínú ibẹ̀ tí ojú ẹnikẹ́ni kò ní tó o. Akọ̀wé ẹgbẹ́ dìde tẹ̀ lé e. Ọ́fíìsì àwọn tó ń bá oníṣòwò gba ẹrù jáde lójú Wharf Road ló ti ń ṣiṣẹ́, kì í sì í bọ́ táì rẹ̀ kódà bó bá fẹ́ gbé irin. Akọ̀wé ní ọgbà ti gbogbo ènìyàn ni, kò sẹ́ni tó lé obìnrin, ẹni tójú bá ń tì kó jókòó sílé.

Mo wò ó bí ẹni tó rí aṣọ ara rẹ̀ lọ́rùn olè.

Onídìrí kò jẹ́ kó jókòó tán. "Which kain iron be that wey woman leg fit kill?" ló bi wọ́n. "Ship wey una dey offload, woman no dey enter am? E don sink?"

Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ rẹ́rìn-ín, Bàámi bojú jẹ́. Ariwo ta. Mo rí i pé bí a bá dúró sórí ìjà ẹ̀tọ́, ìgbìmọ̀ ni wọn yóò yàn, Màámi ò sì ní àyè ìgbìmọ̀. Mo sún mọ́ Bàámi, mo rọra sọ fún un pé nọ́ọ̀sì ní ọdún yìí ni, bí kò bá jẹ́ ọdún yìí, kò tún sí. Màámi ti ní kí n má sọ, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́.  Bàámi húkọ́, ikọ́ sìmẹ́ǹtì tó máa ń kọ́kọ́ han gooro kó tó jáde. Ó wá ní kí wọ́n fún wa.

Ọjọ́ wo ni kó wá jẹ́? A mú ọ̀sán Jímọ̀, tí àwọn Mùsùlùmí bá wà ní mọ́sáláṣí. Àwọn onígbàgbọ́ ní ọjọ́ tí ọgbà máa ń gba àwọn dáadáa nìyẹn. A mú àárọ̀ Sọ́ńdè. Àwọn Mùsùlùmí ní àwọn ò bá ẹnikẹ́ni lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wá hàn sí wa pé kò sí wákàtí kan tí ẹ̀sìn méjèèjì fi ń kó ọkùnrin Ajégúnlẹ̀ kúrò nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bọ́ọ̀lù nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. A bá mú ìrọ̀lẹ́ Sátidé, nígbà tí gbogbo wọn máa ń wà lórí pápá.

Bàámi kò fẹ́ kó dà bíi pé obìnrin ṣẹ́gun òun, ó wá to òfin lé wa lórí. Ẹsẹ̀ obìnrin kò gbọdọ̀ kọjá lórí irin. Kí a tó jáde, kí a dá gbogbo nǹkan padà sí àyè rẹ̀. Kí wọ́n má bàa sọ pé àwa nìkan ló ṣòfin fún, ó ṣe ọ̀kan fún àwọn ọkùnrin náà: ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá rí nídìí páànù ní wákàtí àwọn ìyá, yóò gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ obìnrin, yóò sì máa gbá ọgbà náà ní gbogbo àárọ̀ Sọ́ńdè fún oṣù kan gbáko, lójú gbogbo àdúgbò. Ó ní kò sí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ nínú ẹgbẹ́ òun. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣòfin náà.

Sátidé àkọ́kọ́, Màámi wọ ṣòkòtò péńpé àbúrò mi sábẹ́ ìró. Nígbà tó bọ́ ìró náà sílẹ̀ nínú ọgbà, tí mo rí bí ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣe rù, mo yí ojú kúrò. Ó ní kí n má yíjú, ó ní ṣebí èmi ni mo ní ẹni tójú ń tì kó jókòó sílé. N kò mọ ẹni tó sọ fún un. Agolo mílíìkì òfìfo ni mo fi lé e lọ́wọ́, àwọn ìka náà kò sì mọ ohun tí à ń fi agolo ṣe. Ó bọ́ sílẹ̀. Ó tún bọ́ sílẹ̀. Ó yan igun kan lápá ìwọ̀-oòrùn, ó ní ibẹ̀ lòun á máa jókòó kí ẹnikẹ́ni má bàa máa ka ìgbà tó ń bọ́.

Àwọn obìnrin yòókù gbádùn ara wọn ju bó ṣe yẹ lọ. Ìyàwó lèmọ́mù, tí a ò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí, bọ́ aṣọ ìbora, ó sì lè fi okùn fò débi pé ẹnu yà wá. Ó ní nígbà tí òun wà ní ọmọdé ní Ìsẹ́yìn, kò sẹ́ni tó ń fò ju òun lọ. Onídìrí ní tirẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Ó ká ìró sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fo irin kọjá, lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tí àwọn ọkùnrin ń pè ní Bàbá Ìsàlẹ̀. Ó fò ó lọ, ó fò ó bọ̀. A ń bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, a lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó gbé omi wá. Bàbá Ìsàlẹ̀ tí kò sẹ́ni tó gbé e láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, ọmọ Ìjọ̀ kan gbé e dé èjìká lọ́jọ́ náà, wọ́n sì gbé òun náà sókè. Onídìrí wò mí, ó ṣẹ́jú kan.

Báyìí la ṣe ń lọ. Nígbà tó ṣe, àwọn ìka Màámi di agolo òfìfo mú. Lẹ́yìn ìyẹn, mo bu iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ sínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́ lẹ́nu mi. Bàámi ṣì ń bi mí lọ́jọ́ Sọ́ńdè nídìí ẹ̀rọ omi, mo ṣì ń sọ pé wọ́n ní kí n má sọ, ṣùgbọ́n kì í tún mi orí bíi ti tẹ́lẹ̀. Ojú rẹ̀ kàn ń dán. Mo rò pé ohun tó jẹ lọ́sàn-án ló bá a lára mu.

Akọ̀wé ni kò jẹ́ ká sinmi. Ó ń sọ kiri pé ọ̀rọ̀ ni àwọn ìyá ń sọ níbẹ̀, wọn ò gbé nǹkan kan, pé òun fẹ́ kí ẹgbẹ́ gba wákàtí náà padà. A bi ara wa pé báwo ló ṣe mọ ohun tí à ń ṣe níbẹ̀. Wọ́n fi ìpàdé sí ìrọ̀lẹ́ Sátidé tó ń bọ̀, kété lẹ́yìn wákàtí wa, nínú ọgbà níbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni Màámi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé agolo sìmẹ́ǹtì kékeré kúrò nílẹ̀, ó gbọ̀n yẹ̀yẹ̀, ó sì sọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá tilẹ̀kùn mọ́ ọn nísinsìnyí, ibẹ̀ náà ni ọwọ́ náà yóò sùn sí.

Màámi ló fi ihò hàn wá, ní wákàtí wa tó ṣáájú ìpàdé náà. Bí oòrùn bá ń lọ wọ̀, á máa gba ojú ìṣó páànù wọlé, ilẹ̀ inú ọgbà á kún fún ìmọ́lẹ̀ kéékèèké bí owó sísì tí wọ́n dà sílẹ̀. Ẹni tó bá ń fò kò lè ráyè wò ó, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó ń rí i. Màámi ní ká wo ilẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kan kú. Ó tún tàn. Òmíràn kú lápá ọ̀dọ̀ aránṣọ, kò sì tètè tàn. Ojú ènìyàn ni. Onídìrí fẹ́ fò jáde lọ dì wọ́n mú, Màámi ní kó jókòó, bó bá mú ọ̀kan, àwọn yòókù á sá, èyí tó mú náà á ní òun ń wá adìyẹ ni.

Ó bi ìyàwó lèmọ́mù bóyá tìróò wà nílé wọn. Ìyẹn ní ó kún ilé.

Ní Sátidé ìpàdé, ká tó bẹ̀rẹ̀, a ti pò tìróò mọ́ àdí kó lè lẹ̀, a jáde lọ sẹ́yìn ọgbà, a sì fi kun etí gbogbo ihò tó bá ga tó ojú ènìyàn. Páànù náà ti dógùn-ún, tìróò kò hàn lára rẹ̀. Nígbà tí mo dé igun tí Màámi máa ń jókòó, mo rí ihò kan tó lọ sílẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, tó jẹ́ pé àfi kéèyàn lóṣòó kó tó lè wò ó. Mo fẹ́ fò ó. Màámi fi igi rẹ̀ dá mi dúró.

"Ìyẹn, èmi ni n ó kùn ún," ló wí, ó sì fi ọwọ́ òsì kùn ún dáadáa.

A wọlé, a ṣe eré wa bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Ìmọ́lẹ̀ ń kú, ó ń tàn. Ti igun Màámi kú láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì tàn títí a fi parí.

Wákàtí pé, Màámi ní òun fẹ́ lọ nà díẹ̀ nílé, àwa yòókù dúró de ìpàdé. Àwọn ọkùnrin ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù kí á lè rò pé pápá ni wọ́n ti ń bọ̀. Ọmọ Ìjọ̀ tó gbé Bàbá Ìsàlẹ̀ wọlé, ojú rẹ̀ òsì dúdú yípo bí ojú ìyàwó tuntun. Ọmọ Báríbà kan tó ń tún táyà ṣe wọlé, ti ọ̀tún ló dúdú. Olúkúlùkù ń wo ti ẹnìkejì rẹ̀, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò sì yé e ìdí tí ìyẹn náà fi ń wo òun bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé dìde pẹ̀lú táì rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ tí òun fẹ́ sọ, òun ti fi ojú ara òun wádìí rẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Ojú náà wà níbẹ̀, ó dúdú kirikiri.

Ẹ̀rín tí a rín lọ́jọ́ náà, aránṣọ ní òun ò nílò eré ìdárayá mọ́ fún ikùn. Onídìrí mú ìgbálẹ̀ tí a ti tò sílẹ̀, ó ní òfin ni òfin, kí alága tó ṣòfin wá pín in. A wo ọ̀tún, a wo òsì, alága kò tíì dé. Wọ́n ní kí n lọ pè é.

Mo bá Bàámi nílé ìwẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ó ti gbọ́ ẹ̀rín náà, ẹnì kan sì ti bi í lọ́nà pé kí ló ṣe é lójú. Ó fi ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn ń fọ ojú ọ̀tún, àdí kò dá a lóhùn, ńṣe ni tìróò náà ń fẹ̀. Nígbà tó rí mi, ó fọwọ́ bò ó.  Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bàbá mi ni, ìgbálẹ̀ sì wà lọ́wọ́ onídìrí.

Màámi wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀. Igi rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, ògiri ló ń fọwọ́ tì. Ó ní kí Bàámi jókòó sórí àpótí. Ó jókòó.

"Ikọ́ yín ni mo gbọ́," ni Màámi wí. "Láti Sátidé àkọ́kọ́. Ta ni kò mọ ikọ́ ọkọ rẹ̀?"

Bàámi wolẹ̀. "Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń jí ni," ló wí.

"Ojú kan kò tó láti fi wo ìyẹn. Ẹ gbé ojú kejì wá."

Ó ní kí n mú ìgò tìróò jáde lápò rẹ̀ kí n ṣí i. Ó na ọwọ́ sí igi tìróò. Mo ti fẹ́ kì í bọ ọwọ́ òsì rẹ̀ kí n tó rí i pé òsì wà lára ògiri, pé ọ̀tún ló nà.  Igi tìróò kò nípọn ju ìdí abẹ́rẹ́ lọ, ojú ènìyàn ló sì fẹ́ fi kàn. Àwọn ìka náà di igi náà mú, wọ́n tún un mú, ó tẹ̀ síwájú, ó ní kí Bàámi má ṣẹ́jú. Bàámi kò ṣẹ́jú. Màámi fà á láti igun imú dé igun etí, ó pa á rẹ́ lókè, ó pa á rẹ́ nísàlẹ̀. Kò gbọ̀n. Nígbà tó ṣe tán, ojú Bàámi méjèèjì rí bí ojú àgbà Mùsùlùmí tó lé tìróò lọ sí Yídì, kò sì sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Omi wà nínú ojú náà, ó ń bẹ̀rù láti jẹ́ kó ṣàn.

Àwọn méjèèjì jọ rìn dé ọgbà, Màámi sì di apá rẹ̀ mú. Ariwo rọlẹ̀. Akọ̀wé, tí ìgbálẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ló kọ́kọ́ rí ojú Bàámi, inú rẹ̀ dùn.

"Alága, tiyín náà ńkọ́?" ló bi í.

Bàámi húkọ́. "Ìyàwó mi ló lé e fún mi," ló wí. Ohùn rẹ̀ kò jáde tán. "Ọwọ́ ọ̀tún ló fi lé e."

Gbogbo àdúgbò ló mọ ọwọ́ ọ̀tún Màámi.  Onídìrí, tó ní ìbéèrè lẹ́nu, gbé e mì. Akọ̀wé fi ìgbálẹ̀ náà nàró bí ẹni tó fẹ́ fi bẹ́rí, ó ní bí wọ́n bá ń wá ẹni tó fẹ́ kí wákàtí àwọn ìyá máa bá a lọ, kí wọ́n kọ orúkọ òun sí i.

Ní àárọ̀ Sọ́ńdè, àwọn tí òfin mú jáde wá gbálẹ̀, Bàámi náà mú ìgbálẹ̀ kan, ó bá wọn gbá a. Ó ní alága gbọ́dọ̀ fi àpẹẹrẹ lélẹ̀. Oṣù náà pé, kò pa Sọ́ńdè kan jẹ, Màámi sì ti padà sí yàrá rẹ̀ kí oṣù náà tó parí.

Sátidé tó tẹ̀ lé ìpàdé náà, a gbé ọ̀dà dúdú lọ sẹ́yìn ọgbà, a fi di gbogbo ihò pátá. Nígbà tí mo dé ti igun, tí mo bẹ̀rẹ̀ láti dí i, Màámi pè mí láti inú ọgbà pé kí n fi ìyẹn sílẹ̀, ooru máa ń mú òun níbẹ̀, kí atẹ́gùn lè máa gba ibẹ̀ wọlé.